Ìrìn-àjò Wa láti Ìdó sí Èsìẹ́, Níbi tí Àwọn Ológun Òkúta Gbé Jókòó

Bí ọmọdé bá bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbà, tí àgbà kò sì rí èsì fún un, ojú a máa ti àgbà. Irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ ni ó gbé wa dìde ní ilé wa ní Ìdó, tí a fi rin ìrìn-àjò tí a fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀yin ònkàwé wa ọ̀wọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a ti jẹun tán, tí a sì ti gba àdúrà ìrọ̀lẹ́. Ọmọkùnrin wa kan, ọmọ ọdún 11, ṣí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì fi àwòrán kan hàn wá. Ọkùnrin mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀, òkúta ni gbogbo wọn. Wọ́n dúró ṣánṣán lórí òkè kan tí a fi ọwọ́ mọ, wọ́n sì ń wo ọ̀kánkán bí ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ ẹnubodè. Ìwé náà wí pé ní Tula ni wọ́n wà, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, àti pé àwọn ènìyàn kan tí à ń pè ní Toltec ni ó gbẹ́ wọn láàrín ọdún 900 sí ọdún 1150, tipẹ́tipẹ́ kí Columbus tó fi ẹsẹ̀ tẹ apá ayé náà ní 1492. Gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju mítà 4 lọ. Òkúta mẹ́rin ni a tò lé ara wọn lórí tí ó fi di ènìyàn kan. Ìgbàyà ogun tí ó wà ní àyà wọn rí bí labalábá, ohun tí a fi ń ju ọ̀kọ̀ sì wà ní ọwọ́ wọn. Àwọn ni òpó tí ó ru òrùlé tẹ́ńpìlì kan ní ìgbà ayé àwọn tí ó gbẹ́ wọn.

Ọmọ náà gbé ojú sókè, ó wí pé, "Bàbá, ǹjẹ́ àwọn baba ńlá tiwa náà gbẹ́ ológun sí ara òkúta rí?"

Olúkúlùkù wa wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Ẹnìkan wí pé igi ni Yorùbá ń gbẹ́. Ẹlòmíràn dárúkọ àwọn orí idẹ tí a hú ní Ilé-Ifẹ̀. Ìyá wa àgbà, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wí pé, "Ọmọ mi, òkúta le jù. Ta ni yóò jókòó ti òkúta, tí yóò máa gbẹ́ ẹ?" Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rán ọmọ náà lọ sùn pẹ̀lú èsì tí kì í ṣe òtítọ́. A kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún un. Àìmọ̀ ni ó sọ̀rọ̀ láti ẹnu wa.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ilé wa kan, tí ó ti ṣe tíṣà rí ní apá Ọ̀fà, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, tí ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó wí fún wa pé ère òkúta tí ó ju 1,000 lọ wà ní ìlú Èsìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó di ohun ìjà mú, àti pé àwọn tí ó mọ̀ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò mọ ibòmíràn ní ilẹ̀ Áfríkà, ní ìhà gúúsù aginjù Sàhárà, tí ère òkúta gbé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ojú kan. A rántí òkúta méjìlá tí Jóṣúà mú kí àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé jáde láti inú odò Jọ́dánì, kí àwọn òbí lè ní èsì ní ọjọ́ tí ọmọ bá bèèrè. Òkúta tiwa wà nílẹ̀, ọmọ bèèrè, àwa òbí ni a kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Nígbà náà ni a dá ọjọ́ ìrìn-àjò.

Ẹni tí kò bá mọ Ìdó dáradára lè rò pé ọjà àti ibùdókọ̀ lásán ni. Erékùṣù ni ní ìgbà àtijọ́, tí ọ̀sà yí i ká, kí a tó fi yanrìn dí omi tí ó là á kúrò lára Ẹbúté-Mẹ́ta. Ìtàn àwọn Àwórì sọ pé ibẹ̀ ni Olófin, ọdẹ tí ó ṣẹ̀ wá láti Ilé-Ifẹ̀, tẹ̀dó sí lẹ́yìn tí ó ti gbé ní Ìṣẹ́rí, àti pé àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó pín ilẹ̀ Èkó láàrín ara wọn. Láti Ìdó ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà reluwé lọ sí òkè ní 1896. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ọ̀fà kọjá dé Ìlọrin ní 1908. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará òkè tí ó wọ Èkó ní ayé àwọn baba wa, Ìdó ni ilẹ̀ Èkó tí ẹsẹ̀ wọn kọ́kọ́ tẹ̀. Reluwé tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Ìbàdàn ní 2021 kì í ti Ìdó gbéra. Alágọmejì ni ibùdó rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ilẹ̀ ṣì ń ti Ìdó lọ sí òkè, òun ni àwa sì wọ̀.

A jẹ́ ènìyàn méje: àgbà mẹ́rin, ọmọ méjì, àti Ìyá àgbà, tí ó kọ̀ jálẹ̀ pé a kò ní fi òun sílẹ̀ nílé. A gbéra ní agogo márùn-ún ìdájọ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. A gba Ìbàdàn kọjá, a jẹ ẹ̀bà ní Òṣogbo, a gba Ìkìrun àti Òkukù lọ. Bí a ti ń lọ ni igbó ń fọ́nká. Igi ọ̀pẹ àti igi kòkó dínkù, ọ̀dàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí sílẹ̀, a sì ń rí igi irú àti igi òrí ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Nígbà tí a dé Ọ̀fà, ọmọ wa rí ojú irin àtijọ́ nílẹ̀, ó sì bèèrè ibi tí ó ti wá. A wí fún un pé irin tí ó wà ní Ìdó nílé wa ni. Ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́, bí ẹni tí ó pàdé ará ilé rẹ̀ ní ìlú àjèjì. Ní Ọ̀fà ni a sùn mọ́jú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a gba Ajàṣẹ́-Ìpo, a gba Òró, a sì dé Èsìẹ́ nígbà tí oòrùn kò tíì mú. Ìlú tí ó tòrò ni. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kí wa tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, wọ́n sì fi ọ̀nà ilé àwọn ère hàn wá láìjẹ́ pé a bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tí ó mọ ibẹ̀ tinútòde gbà láti mú wa wọlé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti pin wá sí méjì.

Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀. Ó wí pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ọjọ́ tí mo ti ṣe ìrìbọmi, n kò wọ ilé ère rí. Ọjọ́ alẹ́ mi kọ́ ni n óò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́."

A kò bá a jiyàn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí ni ó ní irú ìyá bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ sì mọ̀ pé ìgbàgbọ́ wọn kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹ̀rín mú. Obìnrin ará ìlú kan gbé ìjókòó wá fún un sí abẹ́ igi, ó sì jókòó tì í, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ ọmọ àti ọ̀rọ̀ ọjà. Àwa yòókù wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a ròyìn àwọn ère náà bí a ti rí wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí ó kọlu ojú ni pípọ̀ tí wọ́n pọ̀. Ẹ wo ìjọ ńlá kan ní ọjọ́ Àjíǹde, kí ìjókòó kún láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí gbogbo ènìyàn sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Ó kà dé 200 ó lé díẹ̀, ó sì ṣì í kà. Wọn kò tóbi bí ti Mẹ́síkò. Èyí tí ó kéré jù kò ju sẹ̀ǹtímítà 14 lọ, ọmọdé lè gbé e lọ́wọ́ kan. Èyí tí ó tóbi jù sì fi díẹ̀ lé ní mítà 1. Tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn ni ó jókòó lórí àpótí olórí róbótó. Wọ́n wọ ìlẹ̀kẹ̀ sí ọrùn àti ẹ̀gbà sí ọwọ́. Àwọn kan kọ ilà. Irun àti fìlà wọn ga, a sì fín in lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn lè mọ ibi tí dídì kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Àwọn kan nínú wọn ń lo ohun èlò orin.

Ṣùgbọ́n àwọn ológun ni a tìtorí wọn wá, wọn kò sì ṣòro láti rí. Ẹnìkan di idà mú, ó gbé e lé èjìká ọ̀tún, ó sì rọra jókòó. Ẹlòmíràn gbé apó ọfà kọ́ ẹ̀yìn. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jùlọ ni pé kì í ṣe ọkùnrin nìkan ni ó mú ohun ìjà. A rí obìnrin tí ó mú idà gẹ́gẹ́ bí ti ọkùnrin, tí ó gbé e lé èjìká, tí ojú rẹ̀ sì tutù bí ojú ìyá ilé tí ń retí àlejò.

Ọmọ wa bi bàbá tí ó mú wa wọlé pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ti Mẹ́síkò dúró. Kí ni ó dé tí àwọn wọ̀nyí fi jókòó? Ṣé ológun a máa jókòó?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tí ń sá lọ kì í jókòó. Ẹni tí ń lọ bá ènìyàn jà kì í jókòó. Ẹni tí ó jókòó pẹ̀lú idà léjìká, ibi tí ó wà ni ó ń ṣọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. A sì ṣàkíyèsí ohun mìíràn. Àwọn ológun Tula mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ara wọn bí ìbejì, nítorí òpó ilé ni wọ́n, òpó kò sì gbọdọ̀ yàtọ̀ sí òpó. Ṣùgbọ́n ní Èsìẹ́, ojú ọ̀tọ̀ ni ẹnìkọ̀ọ̀kan ní. Ẹnìkan gbé àgbọ̀n sókè, ẹnìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, irun ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó jókòó tì í. Ó dà bí ẹni pé àwọn tí ó gbẹ́ wọn ní ẹnìkan lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ère kọ̀ọ̀kan. Láàrín wọn ni Ọba Ère jókòó sí, ẹni tí ó tóbi jù nínú wọn, tí àwọn ará ìlú sì ń ṣe ọdún fún lọ́dọọdún.

Ní ti òkúta náà, Ìyá àgbà kò jẹ̀bi púpọ̀ nígbà tí ó wí pé òkúta le jù. Èyí kì í ṣe akọ òkúta. Òkúta ọṣẹ ni àwọn òyìnbó ń pè é, nítorí ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, ó sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí irin mímú fi lè fá a bí a ti ń fá igi. Èyí ni ó jẹ́ kí agbẹ́gilére lè fín irun àti ìlẹ̀kẹ̀ sí i lára. Èyí náà sì ni ó fà á tí ó fi tètè ń fọ́. Rírọ̀ tí ó mú kí ó lẹ́wà ni ó mú kí ó nílò olùtọ́jú.

Ta ni ó gbẹ́ wọn? Àwọn onímọ̀ ti dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbá. Àwọn kan wo ìhà Ifẹ̀, àwọn kan wo ìhà Nupé, ẹnu wọn kò sì kò. Àyẹ̀wò tí a ṣe sí ohun amọ̀ tí a rí níbi tí àwọn ère náà wà tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ní àkókò tí àwọn Toltec ń gbẹ́ ológun tiwọn ní òdìkejì òkun, tí ẹnikẹ́ni ní ìhà méjèèjì kò mọ̀ pé ẹnìkejì wà láyé, ni ẹnìkan ní ilẹ̀ wa náà jókòó ti òkúta pẹ̀lú irin lọ́wọ́.

Àwọn ará Èsìẹ́ fúnra wọn kò sọ pé baba àwọn ni ó gbẹ́ wọn. Wọ́n sọ pé àwọn bá wọn níbẹ̀ ni. Ìtàn wọn wí pé ọdẹ kan tí ń jẹ́ Baragbọn ni ó kan wọ́n nínú igbó ní nǹkan bí ọdún 1775. Wọ́n a sì máa sọ pé àjèjì tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ni àwọn ère náà nígbà kan rí, pé ìbínú àti ìjà bọ́ sí àárín àwọn àti àwọn onílé, àti pé níbi tí olúkúlùkù jókòó sí ni a gbé sọ ọ́ di òkúta. Nígbà tí ọmọ wa gbọ́ èyí, ó ké pé, "Bí aya Lọ́ọ̀tì!" Ẹ̀rín sì pa gbogbo wa.

A fẹ́ kí ẹ̀yin ònkàwé wa fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú tí ó bá ohun tí kò ṣe nínú igbó lè sọ ọ́ di òkúta àdògán, ó lè fi lọ ata, ó lè fi mọ ìpìlẹ̀ ilé. Ó sì lè purọ́ pé, "Baba wa ni ó ṣe é." Àwọn ará Èsìẹ́ kò ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Wọ́n jẹ́wọ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àwọn, síbẹ̀ wọ́n ṣọ́ ọ. Láti ìgbà Baragbọn títí òkìkí fi kàn ní òde ju 150 ọdún lọ, kò sì sí ẹni tí ń san owó iṣẹ́ fún wọn.

Bí òkìkí náà ṣe kàn jẹ́ ohun tí ó kan irú ilé tiwa. Ní 1933 ni Ọ̀gbẹ́ni H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ fún ìjọ C.M.S., rí àwọn ère náà tí ó sì gbé ìròyìn wọn jáde. Ní 1938 ni Ọ̀gbẹ́ni J. D. Clarke kọ nípa wọn fún àwọn tí ń ka ìwé. Ní 1945 a kọ́ ilé kan fún wọn ní Èsìẹ́, òun ni a sì kà sí mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyíinì ni ilé tí a ń kó ohun àtijọ́ pamọ́ sí. Ti Jos kò ṣí títí di 1952, ti Oníkàn ní Èkó títí di 1957. Ní 1965 àti 1966, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Phillips Stevens, gbé láàrín àwọn ère náà, ó ń to àwọn tí ó fọ́ pọ̀, ó sì ń ya àwòrán wọn. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí wọn jáde ní Ìbàdàn ní 1978.

A jáde tọ Ìyá àgbà lọ láti wò ó bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. A sọ gbogbo rẹ̀ fún un, a sì dárúkọ ọkùnrin C.M.S. náà.

Ó ní, "Ọkùnrin ìjọ? Ó sì dé ọ̀dọ̀ wọn?"

"Ó dé ọ̀dọ̀ wọn, Mọ́mọ̀."

"Ó kúnlẹ̀?"

"A kò gbọ́ pé ó kúnlẹ̀, Mọ́mọ̀. Ó wò wọ́n ni, ó sì ròyìn wọn."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, a fà á dìde. Ó wí pé, "Wíwò kò ní pa mí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ fún mi pé kí n bọ́ bàtà."

Ó wọlé, ó ń rìn lọ́kọ̀ọ̀kan láàrín wọn, kò sì sọ nǹkan kan. Níkẹyìn ó dúró níwájú obìnrin onídà tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Kì í ṣe idà ni ó ń wò. Ó tẹ̀ síwájú, ó ka ìlà irun náà láì fi ọwọ́ kàn án, bí obìnrin tí ó ti di irun ọmọ ènìyàn fún ọgọ́ta ọdún ti í kà á. Ó ní, "Ẹ wò ó bí wọ́n ti kó o lọ sókè. Ìyá tí ó bí ìyá mi a máa di ohun tí ó jọ èyí. Wọn kò dì í mọ́." Lẹ́yìn náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí idà náà. Ó wí jẹ́jẹ́ pé, "Ìyá ọmọ, ta ni ìwọ ń ṣọ́?" Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn nínú wa. Nígbà tí a jáde, ó ní kí a má ṣe rò pé òun yí ọ̀rọ̀ òun padà nípa òrìṣà. A wí fún un pé a kò rò bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí a kò lè ṣàìsọ, bí ó tilẹ̀ ba ọkàn jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère náà ni kò ní orí, ọ̀pọ̀ orí sì wà tí kò ní ara. Ní 2000, ẹgbẹ́ àwọn mùsíọ́mù gbogbo àgbáyé, tí a ń pè ní ICOM, tẹ ìwé kan jáde tí a pè ní Ìwé Pupa. Orúkọ àwọn ohun àtijọ́ ilẹ̀ Áfríkà tí olè ń lépa jùlọ ni ó wà nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rà wọ́n. Ère òkúta Èsìẹ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ohun amọ̀ Nok àti ti Ifẹ̀. Ẹ rò ó wò: orí òkúta tí kò tóbi ju àgbọn lọ wọ inú àpò ẹnìkan ní ọ̀sán kan, ó sì di ohun ọ̀ṣọ́ lórí tábìlì ẹni tí kò lè pe orúkọ Èsìẹ́. Ara tí ó kù yóò jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú idà lórí èjìká, kò sì ní ojú tí yóò fi ṣọ́ ohunkóhun mọ́.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ohun àtijọ́ wá sí ilé yín pé kí ẹ rà á ní owó pọ́ọ́kú, ẹ má ṣe rà á, ẹ má sì ṣe dákẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń tọ́jú ohun àtijọ́ wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Bí ẹ bá sì ní àyè ní ìgbà ìsinmi, ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ sí Èsìẹ́. Ọ̀nà náà kò ṣòro: ẹni tí ó bá ti dé Ọ̀fà tàbí Ìlọrin, kí ó wá Ajàṣẹ́-Ìpo, lẹ́yìn náà Òró, àwọn ará ibẹ̀ yóò fi Èsìẹ́ hàn án. Àwọn onígbàgbọ́ tí ẹ̀rù ń bà lè ṣe bí Ìyá àgbà ti ṣe: kí wọ́n wọ bàtà wọn, kí wọ́n sì la ojú wọn.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a padà dé Ìdó. Àwọn alájà ń tan fìtílà, àwọn agbérù ń kígbe, ọkọ̀ ń fun fèrè lábẹ́ afárá. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ ni ọmọ wa bèèrè pé, "Bàbá, níbo ni Olófin jókòó sí níhìn-ín?" Ó tún rí wa mú. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ orúkọ Olófin láti kékeré, kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó lè na ìka sí ojúkò kan kí ó wí pé, "Ibí ni." Ní Èsìẹ́, wọ́n mọ ìjókòó àwọn àjèjì tí wọn kò bí wọn. Ní Ìdó, àwa kò mọ ìjókòó ẹni tí a ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a rí ìwé ọmọ náà lórí tábìlì. Ó ti fi pẹ́ńsù ya àwòrán kan sí ẹ̀bá àwọn ológun Mẹ́síkò: obìnrin kan lórí àpótí, irun rẹ̀ ga, idà wà lórí èjìká rẹ̀. Ó kọ Èsìẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Àwa sì ti pinnu láti tọ àwọn àgbà Ìdó lọ, kí a bèèrè ọ̀rọ̀ Olófin lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Bí a bá rí èsì, ẹ ó gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ kú ilé o.